Ilé Tí A Fi Àdìrẹ Tẹ́ Sílẹ̀

Kúbúrà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé yìí. Mo kọ orúkọ rẹ̀ lásán lẹ́ẹ̀kan yìí, láìfi “Àǹtí” ṣáájú rẹ̀, kí ó lè tu ọkàn mi lára. Láti ìsinsìnyí lọ n óò máa pè é ní Àǹtí Kúbúrà, nítorí pé ìyá mi ló tọ́ mi, kì í ṣe òun. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá iléèwé kan fi ipò tó tọ́ sí mi fún àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin kan fẹ́ mi sílé, ó sì gbàgbé pé òun fẹ́ mi. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn bá mi nígbà tí ojú mi ti là. Àǹtí Kúbúrà bá mi ní ọmọ ọdún méjìlá, nígbà tí mo ṣì gbà pé ohunkóhun tí àgbà bá ní kí n ṣe, oore ni. Àwọn ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, kí n jẹ́ kí ó lọ. Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, mo mọ̀ pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ ló ń lọ. Nítorí náà ni mo fi ń kọ ọ́.

Ilé alámọ̀ ni ilé wa ní Ìjemọ̀. Òrùlé páànù rẹ̀ ti dípẹtà débi pé tí òjò bá rọ̀, omi pupa ló ń kán sínú bàsíà tí a gbé kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni omi eérú tí a fi ń ro aró tó ń kán tó, tó, tó, láti inú ìkòkò tí a lu ihò sí nídìí, bọ́ sínú èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kùmọ̀ àwọn tó ń lu aṣọ lágboolé kejì máa bẹ̀rẹ̀, tí ilẹ̀ máa ń mì wá sábẹ́ ẹní wa. Lẹ́yìn èyí ni ikọ́ Ìyá Aláró. Ìyá tó bí bàbá mi ni Ìyá Aláró, kò sì sí ẹni tó tún ń pe orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́. Apá rẹ̀ méjèèjì dúdú títí dé ìgúnpá, èékánná rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n fi sánmà alẹ́ kùn ún. Ó máa ń ti ìka bọ inú ìkòkò aró, á fi kan ahọ́n, á dijú, á sì sọ fún wa bóyá aró náà ti gbó tàbí ó ṣì ń ṣe ọmọdé. Ọ̀kan náà ni láfún tí a ń rà láti Ọ̀dẹ̀dá: a ó ro ìdajì rẹ̀ fún oúnjẹ alẹ́, ìyá mi á sì fi ìdajì yòókù ṣe ẹ̀kọ tí a fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ. Ìyá Aláró máa ń sọ fún wa pé, “Ẹ jẹun díẹ̀díẹ̀, aṣọ náà fẹ́ jẹ.” Títí di òní, tí mo bá rí láfún nínú abọ́, mo kọ́kọ́ máa ń wá ìyẹ́ adìẹ lójú ná, kí n tó fọwọ́ kàn án.

Ọmọ Ọ̀dẹ̀dá ni ìyá mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í jìnnà sí ẹnu Àǹtí Kúbúrà. Tí iyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀, “Bí wọ́n ṣe ń sè é lóko nìyẹn.” Tí ìyá mi bá rẹ́rìn-ín sókè, “Ìyàwó, kò sí ẹyẹ tí à ń lé níbí o.” Ìyá mi á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹyinjúẹgẹ́ mi, ẹ má bínú.” Orúkọ tí ó fi ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ nìyẹn, bí àwọn ìyàwó ilé ṣe ń ṣe, kò sì pè é lórúkọ mìíràn rí. Kí n má purọ́, ẹyinjú Àǹtí Kúbúrà dára lóòótọ́. Ó ti lọ ilé ọkọ fún ọdún mẹ́wàá kò bímọ, ọkọ náà gbé ìyàwó mìíràn wọlé, ó sì di ẹrù tirẹ̀ kalẹ̀ síta. Ó padà wálé wá di ọmọ oṣú nílé bàbá rẹ̀. Nígbà tí bàbá wọn kú, aṣọ tí ó ń kiri ló fi tọ́ bàbá mi dàgbà. Ìdí nìyí tí bàbá mi, tí ohùn rẹ̀ máa ń dún ní gbogbo ọjà, kò fi lè gbé ojú sókè tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọkùnrin kan ni tó fẹ́ kí gbogbo obìnrin ilé rẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá sì tètè dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ máa ń dá lé lórí. Ìyá mi ló máa ń tètè dákẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tó ti ń sùn sí ọ̀nà àbáwọlé, láàárín ìgàn aṣọ ọkọ rẹ̀, pẹ̀lú àwa ọmọ mẹ́rin. Kò ní ibi kan tó lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kó sunkún. Nígbà tí bàbá mi ra ilẹ̀ sí ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀, tó ní òun fẹ́ kọ́ ilé alábíríkì, ó pe ìyá mi níṣojú wa, ó ní, “Ìyá Sìdí, wàá ní yàrá tìrẹ. Fèrèsé méjì ni mo máa fi sí i.” Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń kọrin nídìí aró. Yàrá kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ ayé.

Ayàwòrán ilé tí bàbá mi bẹ̀ lọ́wẹ̀ kì í wá sílé. Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ Àǹtí Kúbúrà ni ó ń jókòó sí, nítorí náà Àǹtí Kúbúrà ni bàbá mi ń rán sí i: yàrá báyìí, yàrá báyìí, ibi ìdáná báyìí. Òun náà ló gbé àwòrán náà wálé nígbà tí ó parí, ó ká a bí ẹní. Ìwé náà funfun, ó ní àwọ̀ aró díẹ̀, gbogbo ìlà tó wà lára rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ aró, ó sì ń rùn. Ìyá Aláró gbà á, ó gbé e sí imú. “Ìkòkò aró tó ti kú ló ń rùn báyìí,” ni ó wí. Ó fi itọ́ ra ìka, ó fi nu ìlà kan, ìlà náà kò ṣí. “Hẹn-ẹn. Kò ṣí o. Ta ló pa á láró?” Bàbá mi ní ẹ̀rọ ló ṣe é. “Kí ẹ̀rọ náà wá kọ́ mi,” ni Ìyá Aláró wí, ó sì dá ìwé padà. Bàbá mi mọ kéwú dáadáa, ṣùgbọ́n kò ka ìwé òyìnbó rí. Ó tẹ́ àwòrán náà sórí ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti ọwọ́ ọ̀tún, bí ẹni ń wo wàláà. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ti wọ iléèwé girama lọ́dún náà, èmi sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́ nínú ilé wa. Bàbá mi ní kí n gbé ìwé náà pamọ́, pé tí wọ́n bá ti kírun alaasari tán, n óò kà á fún gbogbo ilé.

Kí alaasari tó pé, Àǹtí Kúbúrà pè mí sí yàrá rẹ̀. Yàrá náà mọ́ ju gbogbo ilé lọ, ó sì ní kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ó fún mi ní bisikíìtì méjì, ó ní kí n kà á fún òun ná. Mo kà á: pálọ̀, yàrá bàbá, yàrá ìyá àgbà, yàrá àwọn ọmọ, ibi ìdáná, ilé ìwẹ̀, ilé ìyàgbẹ́, ibùsùn ewúrẹ́. Yàrá ńlá kan wà níwájú, ní ẹ̀gbẹ́ títì. Mo ní, “Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ síbí, Àǹtí.” Mo tún un wò. “Wọn ò kọ yàrá ìyá mi.” Kò ya Àǹtí Kúbúrà lẹ́nu. Ó na ọwọ́, ó tún gèlè orí mi ṣe, ó rọra ṣe é bí ẹni tó fẹ́ràn mi, mo sì rò pé ó fẹ́ràn mi. “Sìdí mi, ọmọ ọlọ́gbọ́n. Gbọ́ o. Tí o bá dé ibẹ̀ yẹn, yàrá ìyá rẹ ni kí o pè é.” Mo ní, “Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ, mà.” Ó ní, “Èmi àti bàbá rẹ máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá yá. Tí o bá sọ ọ́ lónìí, ìyá rẹ á fi ìbínú oko bẹ̀rẹ̀ ìjà, bàbá rẹ á ní òun kò kọ́ ilé mọ́, ìwọ lo sì máa fi ẹnu rẹ wó ilé bàbá rẹ. Ṣé o fẹ́ bẹ́ẹ̀?” Mo ní rárá, mà. “Ó dáa. Jẹ bisikíìtì rẹ.” Mo jẹ ẹ́. Mo ti jẹ ọ̀pọ̀ nǹkan kíkorò láyé, ṣùgbọ́n mi ò jẹ bisikíìtì mọ́ láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ mi sì rò pé nítorí ìtọ̀ ṣúgà ni.

Mo ka ìwé náà fún wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo fi ìka sórí ọ̀rọ̀ náà kí ojú mi má baà rí i, mo ní, “Yàrá ìyá mi.” Ìyá mi sún mọ́ mi lórí orúnkún. Ó gbé ìka tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó rọra fọwọ́ kan ìwé náà bí ẹni ń fọwọ́ kan àgbọ̀n ọmọ tuntun. “Èyí gan-an?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Fèrèsé ńkọ́, Sìdí? Ṣé méjì ni?” Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ìdáhùn tí mo fún un. Fúnra mi ni mo wá a. Mo wo àlàfo gbígbòòrò tó kọjú sí títì, mo ní, “Ọ̀kan ni, Màámi, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ gan-an.” Ìyá mi kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí. Mo ń gbọ́ ọ nídìí aró lọ́jọ́ kejì tó ń sọ ọ́ fún oníbàárà: “Ọ̀kan ni, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ gan-an ni.” Irọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti Àǹtí Kúbúrà. Èyí jẹ́ tèmi, mi ò sì rí ẹni tí n óò dì í lé lórí.

Ìyá Aláró ló da gbogbo rẹ̀ rú, láìmọ̀. Ó ní òun kò gba ilé tí ènìyàn lè ká bí ẹní gbọ́. “Làmídì, aṣọ tí mo bá fẹ́ rà, mo máa ń ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí n rí i. Ẹ lọ tẹ́ ilé náà sílẹ̀.” Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, a di àdìrẹ tó wà nílé sínú ìdì mẹ́ta, a kó o sẹ́yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan, a gun orí rẹ̀, ó di ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀. Wọ́n ti ro ilẹ̀ náà, òkúta kéékèèké ló kún un. Iṣẹ́ mi ni láti máa pe ìwọ̀n. Ìwé náà fi ẹsẹ̀ bàtà kà á, ṣùgbọ́n ọlọ́jà aṣọ kò mọ ẹsẹ̀ bàtà, ọ̀pá aṣọ ni wọ́n mọ̀. Nítorí pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ló wà nínú ọ̀pá kan, mo ń fi mẹ́ta pín in lórí, mo ń pè é: “Ògiri yàrá bàbá, ọ̀pá mẹ́rin!” Àwọn obìnrin náà á gbá etí aṣọ mú sí imú, wọ́n á na apá, wọ́n á kà á, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ lóòró, wọ́n á gbé òkúta lé igun rẹ̀. Níbi tí ẹnu ọ̀nà bá wà, wọ́n á fi àlàfo sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe àwọn aláṣọ ti wọlé. Apá Ìyá Aláró kúrú, apá ìyá mi gùn bí ti igi ọ̀pẹ, ti Àǹtí Kúbúrà wà láàárín. Kò sí ọ̀pá ẹnìkan tó dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnìkejì. Nígbà tí a fi máa tẹ́ pálọ̀ tán, ògiri kan ti kọjá èkejì, igun ilé kò fẹnu kora.

Bàbá mi gbé ọwọ́ lérí. “Ilé wo lèyí? Ẹnu rẹ̀ wọ́!”

“Ẹnu tìrẹ náà wọ́ nígbà tí mo bí ọ,” ni Ìyá Aláró dá a lóhùn, “mo fà á títí ó fi tọ́.”

Inú wa dùn lọ́jọ́ náà. N kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohun tó tẹ̀lé e gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Afẹ́fẹ́ ń gbé etí aṣọ, gbogbo ilé wa ń mí sókè sódò lórí ilẹ̀, àdìrẹ oníko tí a fi okùn dì ni yàrá bàbá mi, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a fi ìyẹ́ yà ni pálọ̀. Bàbá mi wọ ilé ìyàgbẹ́ lọ, ó lóṣòó, ó wo ibi tí oòrùn wà, ó ní ó dára, ẹni tó bá lóṣòó kò ní dojú kọ gábàsì tí à ń kọjú sí kírun. Àwọn àbúrò mi ń sáré kiri, Ìyá Aláró sì ń pariwo pé kí wọ́n yé gba inú ògiri kọjá, pé ìwà àǹjọ̀nnú ni. Òun náà wọ yàrá tirẹ̀, ọ̀pá mẹ́ta sí ọ̀pá mẹ́ta. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lójú oòrùn, ó na apá, ó na ẹsẹ̀. “Ó tó mi sùn,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n kò tó mi bínú. Tí mo bá ń bínú, mo máa ń rìn.” Ìyá mi rẹ́rìn-ín sókè, kò sì sí ẹni tó sọ nípa ẹyẹ oko.

Ó wá ku yàrá iwájú. Ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó tú ìdì kan tó gbé mọ́ra láti ilé, ó mú àdìrẹ tí ó fúnra rẹ̀ fi ìyẹ́ yà jáde, tuntun, tí kò tíì wọ ọjà. “Ka tèmi fún mi, Sìdí.” Mo pè é: ọ̀pá mẹ́rin, ọ̀pá mẹ́ta. Ó fi apá gígùn rẹ̀ wọ̀n ọ́n, yàrá náà sì fẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ. “Ẹnu ọ̀nà ńkọ́?” Mo wo ìwé náà. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, ó fẹ̀ tó ọ̀pá méjì, títì ló dojú kọ. Kò sí èyí tó wọ inú ilé. Mo nawọ́ síbẹ̀. Ìyá mi fi àlàfo náà sílẹ̀, ó wọ inú yàrá rẹ̀, ó dúró láàárín rẹ̀, ó ń yí ojú kiri.

Ìyá Aláró dìde jókòó nínú yàrá tirẹ̀. “Ìyàwó mi, ibo lo máa gbà dé ibi ìdáná?”

Ìyá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ìyá mi, ó dà bíi pé mo máa kọ́kọ́ jáde sí títì ná, kí n tó yípo wá.”

“Pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ lórí?” Ìyá Aláró wo àlàfo náà. “Ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ tó ọ̀pá méjì, tó dojú kọ títì. Ṣé ẹ fẹ́ máa ta ìyàwó ọmọ mi ni?”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó fi ìka sí ibẹ̀ gan-an, nítorí pé ìka mi ti dọ̀tí ibẹ̀. “Kí ni wọ́n kọ síbí, Sìdíkátù?” Mo wo Àǹtí Kúbúrà. Ó ń tún ìró ró. Kò wò mí. Ó ní, “Làmídì, mo ti ń sọ fún ọ tipẹ́. Ọmọ yìí kò mọ̀wé kà. Ẹ kàn wọ̀ ọ́ láṣọ iléèwé lásán ni. Ó gbọ́ ohun tí gbogbo yín fẹ́, ó sì kà á fún yín.” Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú mi. “Ṣé o mọ̀ ọ́n kà àbí o kò mọ̀ ọ́n kà?” Mo ti rò ó láti ọjọ́ náà títí di òní, mi ò tíì rí ìdáhùn tí ǹ bá fún un. Tí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n kà, a jẹ́ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún ìyá mi. Ìyá mi dúró síbẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ó ń wò mí. Mo ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n kà, sà.”

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀. Ó gbé òkúta kúrò lórí igun àkọ́kọ́, ó gbé e kúrò lórí ìkejì. Ó ká àdìrẹ rẹ̀ jọ, ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, ó ṣẹ́ ẹ po lọ́nà mẹ́rin. Kò gbé ohùn sókè. “Ọmọ mi mọ̀ ọ́n kà, Bàbá Sìdí. Yàrá mi ni kò sí níbẹ̀.”

Bàbá mi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo wa rí i pé ó ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yọ yàrá náà kúrò. Ó ní bóyá kí ayàwòrán tún un yà. Àǹtí Kúbúrà ní ìjọba ìbílẹ̀ ti fi òǹtẹ̀ lu ìwé náà, wọn kì í pa òǹtẹ̀ rẹ́. Bí ara ṣe tu bàbá mi ní kété tó gbọ́ “òǹtẹ̀” ni mo kórìíra nínú ọjọ́ náà ju irọ́ gan-an lọ. Ìyá Aláró ló bá wa yanjú rẹ̀. Ó gbọn ìborùn rẹ̀, ó jáde ní yàrá rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà, kò gba inú ògiri. “Èmi kò ní wá inú oko yìí wá gbé. Ta ló máa máa ro aró mi ní Ìjemọ̀? Ìyàwó mi, wọ ibí yìí.” Ìyá mi kúnlẹ̀, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ìyá mi, mi ò lè gba yàrá yín lọ́wọ́ yín.” “Ta ló ní kí o gbà á? Mo ní kí o máa bá mi gbá a ni.” Títí ìyá mi fi kú, “yàrá Ìyá mi” ló ń pe yàrá náà. Fèrèsé kékeré kan ló ní.

Bàbá mi ní láti bínú sí ẹnìkan, èmi ni mo sì kéré jù. Ó ní ọmọ tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò mọ̀wé kà, kí ló ń wá ní iléèwé? Ó mú mi kúrò fún ọdún kan gbáko, ó ní kí n máa bá Ìyá Aláró ro aró ní Ìjemọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé. Ọdún náà ni mo fẹ́ kí Àǹtí Kúbúrà dáhùn fún. Àwọn ẹgbẹ́ mi gba iwájú mi lọ nínú aṣọ iléèwé, mo ń rí wọn láti ìdí ìkòkò, mo ń fi apá aláró bo ojú. Síbẹ̀, ọwọ́ mi ń lọ́ra láti kọ ọ́, ọdún tó dára jù láyé mi nìyẹn. Èmi àti Ìyá Aláró nìkan ló ń jẹun nínú abọ́ kan. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹran sílẹ̀, á ní eyín ń dun òun. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń tọ́ aró wò, tí mo sì tu ú dànù lẹ́ẹ̀mejì, tó ní, “Gbé e mì. Ẹni tó bá tu aró, aró á tu òun náà.” Tí a bá ra àkàrà, á tú bébà tí wọ́n fi wé e, á fi eteetí ìró nu epo rẹ̀, á gbé e fún mi. “Kà á.” “Ìyá, mi ò mọ̀wé kà mọ́.” “Mo ní kí o kà á.” Mo máa ń kà á: ìròyìn òkú, ìkéde iṣẹ́, eré bọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ láìní ìbẹ̀rẹ̀ láìní òpin. Á máa fetí sílẹ̀ títí dópin bébà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé jù.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti òun ń rẹ aṣọ, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo sọ ti bisikíìtì, mo sọ ti fèrèsé. Ó fún aṣọ náà títí omi rẹ̀ fi gbẹ. Ó ní, “Mo mọ̀. Ojú ẹni tó fúnra rẹ̀ hùmọ̀ irọ́ yàtọ̀ sí ojú ẹni tí wọ́n rán ní irọ́.” Inú bí mi. “Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún bàbá?” Ó na aṣọ náà sórí okùn, ó rọra fà á ní igun kọ̀ọ̀kan. “Nítorí pé ọmọ mi ni Kúbúrà náà.” Nígbà tí ọdún náà pé, òun fúnra rẹ̀ ló dì mí lọ́wọ́ mú padà sí iléèwé, pẹ̀lú apá aláró rẹ̀. Ó sọ fún ọ̀gá wa pé, “Ẹ gba ọmọ mi. Ó mọ̀wé kà. Àwa ni a kò mọ̀ ọ́n gbọ́.”

Wọ́n ti kú tán báyìí, Ìyá Aláró, bàbá mi, ìyá mi. Àǹtí Kúbúrà ló pẹ́ jù. Ó ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù náà títí ojú rẹ̀ fi ṣú, ó sì ta kọ́tìnnì sí àárín rẹ̀, ẹ̀yìn kọ́tìnnì náà ni ó ń sùn. Kò lọ́mọ, nítorí náà èmi ni mo ń lọ wò ó lóṣooṣù, mo ń bá a fọ aṣọ, mo ń bá a yọ eegun lára ẹja. Ẹ má pè é ní oore. Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀ ni. Nígbà tí mo kíyè sí i pé ó ti ń lọ, mo bi í léèrè. Mo kúnlẹ̀ bí ìyá mi ṣe máa ń kúnlẹ̀, mo ní, “Àǹtí, ẹ̀yin ni ẹ ní kí n purọ́ náà. Kí ló dé tí ẹ tún fi sọ níwájú gbogbo wọn pé mi ò mọ̀wé kà?” Ó wá ojú mi pẹ̀lú ẹyinjú rẹ̀ tó ti di funfun, kò rí i, ó sì ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Kò tọrọ àforíjì. Ohun tó sọ nìyí, òun ló sì sọ kẹ́yìn fún mi: “Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tí Làmídì ń rán mi lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán, ó ka yàrá fún gbogbo ènìyàn, ó ní kí wọ́n ya ibi tí ewúrẹ́ máa sùn, kò dárúkọ mi. Ìyá rẹ ní ọmọ tó lè ka ìwé fún un, Sìdí. Ta ni èmi ní?”